Bí a ṣe ń gba tọkọtaya míṣọ́nnárì àgbà lálejò ní Àkúrẹ́: láti ọjọ́ Ajé dé ìgbafẹ́ Sátidé

Tọkọtaya àkọ́kọ́ tí ìjọ wa fi sí ìtọ́jú èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, àwọn méjèèjì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì ni màmá. Wọ́n fi àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá sìn lọ́dọ̀ wa fún oṣù méjìdínlógún. Inú wa dùn jù. Ìpàdé láàárọ̀, àbẹ̀wò lọ́sàn-án, ìsọjí lálẹ́, ìgbéyàwó méjì ní Sátidé kan ṣoṣo, gbogbo ilé ló ń fẹ́ kí wọ́n wá jẹun. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, màmá kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ibà. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Àpọ́nlé wa ló dá wọn dùbúlẹ̀.

Látìgbà náà a ti gba tọkọtaya méjì mìíràn, a sì ti kọ́gbọ́n. Ohun tí mo máa sọ níbí, fún ẹnikẹ́ni tí ìjọ rẹ̀ ń retí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́, Oǹdó tàbí agbègbè wa ni. Bí ẹ bá ṣètò ìgbé ayé wọn ojoojúmọ́ dáadáa, iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe á yọrí. Bí ẹ kò bá ṣètò rẹ̀, iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n máa ṣe ni kí wọ́n máa ṣàárẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó ń bọ̀

Míṣọ́nnárì àgbà kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Nínú Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹyìn, tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì lè sìn fún oṣù 6, 12, 18 tàbí 23, owó ara wọn sì ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Tọkọtaya méjì bẹ́ẹ̀, Rendell àti Rachel Mabey pẹ̀lú Edwin àti Janath Cannon, ni ìjọ náà rán wá sí Nàìjíríà àti Gánà ní 1978. Àwọn Bàtíìsì, Áńgílíkà àtàwọn mìíràn náà ní ètò tiwọn. Kì í sì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá: 1853 ni David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, dé Ìbàdàn, tí wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ níwèé.

Ìrírí ni àwọn àgbà yìí ń gbé wá. Ọ̀pọ̀ wọn ti tọ́ ọmọ, wọ́n ti sin òbí, wọ́n ti bójú tó owó ìjọ àti ìwé àkọsílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wúlò jù ni kí wọ́n jókòó ti ẹni kan: tọkọtaya tí ilé wọn fẹ́ tú, akọ̀wé ìjọ tí ìwé rẹ̀ dàrú, opó tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe lò wọ́n bíi ohun ọ̀ṣọ́ orí pèpéle.

Ilé: kí wọ́n tó gúnlẹ̀

Ilé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wá, kì í ṣe orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orúnkún ẹni àádọ́rin ọdún kò sí fún àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ìjàpó, Alágbàká tàbí Ọ̀bà-Ilé dára, torí ariwo wọn kò tó ti àárín ìlú. Àwa ṣe àṣìṣe nígbà kan, a gba ilé nítòsí Ọjà Ọba nítorí pé ó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Láti aago márùn-ún ìdájí ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń dún lọ́tùn-ún lósì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, a kó wọn kúrò.

Ẹ yẹ omi wò fúnra yín. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bi ará ilé pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lóṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí kànga máa ń gbẹ. Tánkì ńlá kan lókè, dúrọ́ọ̀mù méjì nísàlẹ̀. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo fèrèsé, kí ẹ sì tún ta àwọ̀n ẹ̀fọn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ iná gba àlàyé. Iná tiwa jẹ́ fólítì 230, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Ẹ̀rọ gbígbẹ irun tàbí ẹ̀rọ kọfí tí màmá gbé wá látilé, bí wọ́n bá kì í bọ ògiri wa tààrà, èéfín ni yóò yọ. Ṣájà fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń gba méjèèjì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ ra orí pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ sì béèrè, kí wọ́n tó wọ bàálù, bóyá ọ̀kan nínú wọn ń lo ẹ̀rọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mí bí wọ́n bá sùn. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń lò ó, wọn kì í sì í sọ. Ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ kú lóru, nítorí náà bátìrì sólà tó lè gbé e di àárọ̀ ṣe kókó ju ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò dára fún un: èéfín rẹ̀ àti ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, oorun àti omi. Kò sí ìpàdé. Ẹ kọ́ wọn ní ìkíni márùn-ún péré: ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun. Bí òyìnbó bá kí ẹni tó ń gbálẹ̀ pé “ẹ kú iṣẹ́”, ọ̀rẹ́ ti dé nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan tàbí fúnni ní nǹkan. Ẹ sì ṣàlàyé pé bí àwọn ọmọdé bá ń pariwo “òyìnbó pẹ́pà” lójú pópó, ayọ̀ ni, kì í ṣe èébú.

Orúkọ máa ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn máa pe àwọn ní orúkọ àbísọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ọmọ ogún ọdún wo ni yóò dúró níwájú bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí yóò pè é lórúkọ? Ẹ sọ fún wọn pé “Bàbá” àti “Màmá” ló yẹ wọ́n, pé oyè ni, kì í ṣe pé à ń pè wọ́n ní arúgbó. Màmá kejì tí a gbà sunkún nígbà tí àwọn ọmọ agboolé kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí ọjọ́ ogbó ti ń mú èèyàn ga sí i.

Bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe yẹ kó lọ

Ẹ bọ̀wọ̀ fún oòrùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí wọ́n rìn ládùúgbò, kí ẹnì kan bá wọn rìn. Aago mẹ́sàn-án sí ọ̀kan ọ̀sán ni iṣẹ́ tó ń gba ọpọlọ: ìkọ́ni, ìwé, ìpàdé pẹ̀lú àwọn aṣáájú. Láti aago kan sí mẹ́rin, ẹ tilẹ̀kùn fún wọn. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, torí aago méjì ọ̀sán gan-an ni àwọn ará wa máa ń rántí pé àwọn fẹ́ kí míṣọ́nnárì. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ilé kan ni kí wọ́n bẹ̀ wò, tàbí méjì tí wọ́n bá wà ládùúgbò kan náà, kí wọ́n sì ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ Ajé ni àwa mú. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sílé, tí wọ́n ń jókòó láìṣe nǹkan kan.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ-ọmọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Àkúrẹ́, ọ̀sán gangan ni ní Utah lásìkò òtútù wọn, aago kan ọ̀sán sì ni lásìkò ooru. Nítorí náà alẹ́ Sunday dára fún ìpè olójú-kojú, kí ẹ sì ti ra dátà sílẹ̀. Mo ti rí bàbá kan tí agbára rẹ̀ padà nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi eyín tó yọ hàn án nínú fóònù.

Ní ti ìrìnnà, àgbà kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, kódà kó jẹ́ dé ìkóríta. Márúwá ṣeé gbà fún ọ̀nà kúkúrú. Fún èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá awakọ̀ kan tó dàgbà, tí kì í sáré, kí ó jẹ́ òun náà ní gbogbo ìgbà.

Ọjà àti oúnjẹ

Ẹ mú wọn lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ẹ̀fọ́ ṣì tutù tí èrò kò tíì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣáájú lọ ná nǹkan, kí wọ́n tó yọjú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ná nǹkan kan fúnra wọn, bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀ni lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà. Ẹ̀ni yẹn ni wọ́n máa ròyìn rẹ̀ nílé.

Àṣà wa nìyí: ní agbègbè yìí, ẹni tí kò jẹ iyán, a kì í kà á sí ẹni tó jẹun. Iyán kò tilẹ̀ ṣòro fún wọn, ata ló ṣòro. Ẹ se ọbẹ̀ wọn lọ́tọ̀ fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa fi ata kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gúsí, àsáró, mọ́ínmọ́ín, dòdò àti iṣu pẹ̀lú ẹyin máa ń bá wọn lára mu. Omi inú ike tí wọ́n dí ní ilé iṣẹ́ ni kí wọ́n máa mu, tàbí èyí tí ẹ sè hó dáadáa. Èso tí a ń bó ló dára: ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá jẹ díẹ̀ nílé yín, ẹ má bínú, ẹ má sì fipá bu oúnjẹ kún un. Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ la ti ń san án: ẹ má lọ yáwó ra ẹran fún ẹni tí inú rẹ̀ kò lè gbà ju abọ́ kékeré lọ.

Ìlera

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú pásípọ́ọ̀tù wọn kí wọ́n tó wọlé. Òògùn tí ń dènà ibà ẹ̀fọn, dókítà wọn nílé ló máa yàn án. Òmíràn wà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn-àjò, òmíràn sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà kí wọ́n má dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bí ara ọ̀kan nínú wọn bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fún wọn ní àgbo, bó ti wù kí ó mú yín lára dá tó, nítorí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń lò.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti máa ń jà jù, pàápàá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin. Èkúté ló ń gbé e káàkiri. Ẹ kó gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn sínú ike onídérí, ẹ dí gbogbo ihò ilé ìdáná, ẹ má ra gàrí tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òògùn wọn, irú ẹ̀jẹ̀ wọn àti nọ́ńbà ọmọ wọn sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Sátidé

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé. Òfin mẹ́ta péré ni mo ní. Ibì kan ṣoṣo ní Sátidé kan. Kí ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, kí ẹ sì ti padà wọ Àkúrẹ́ kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ má sọ ibi tí ẹ ń lọ lórí Facebook tàbí WhatsApp kí ẹ tó padà dé. Ọ̀nà wa kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, a kì í sì í fi ẹ̀mí àlejò dán nǹkan wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ pe ẹnì kan tó ń gbé níbi tí ẹ ń lọ, ẹ bi í bí ọ̀nà ṣe rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú. Ààfin Déjì kò jìnnà sí ọjà rárá. Ẹ rán èèyàn lọ ṣáájú ní ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó mú wọn lọ. Ẹ kọ́ bàbá bí a ṣe ń tẹríba. Kò sẹ́ni tó máa ní kí arúgbó òyìnbó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n bí ó bá gbìyànjú rẹ̀, gbogbo ààfin ni yóò pàtẹ́wọ́. Ẹ sì bi àgbà ìlú léèrè nípa ọdún ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ Aheregbe, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù máa ń tì ní Àkúrẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí a ń mú àlejò rìn kiri.

Lẹ́yìn náà, Òkè Ìdànrè. Kò tó ọgbọ̀n kìlómítà sí Àkúrẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ti ń rí àwọn àpáta yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnu yóò dákẹ́ nínú ọkọ̀. Àtẹ̀gùn tó gùn ún ju 600 lọ, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Lókè ni ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wà, pẹ̀lú ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn. Láti 2007 ni UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń dábàá fún ogún àgbáyé. Ẹ má lọ lásìkò òjò, òkúta a máa yọ̀. Oṣù kọkànlá dára, kí ọyẹ́ tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò pọn dandan kí gbogbo wọn dókè. Bàbá tí a kọ́kọ́ gbà, orúnkún rẹ̀ kọ̀ ní ibi ìsinmi kejì. Màmá ń bá àwọn ọ̀dọ́ lọ, èmi dúró ti bàbá pẹ̀lú omi àti àkàrà. Wákàtí méjì àtààbọ̀ la fi jókòó níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gòkè, ó ń kí i. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀, ó tún ń kí i. Bàbá ń dáhùn, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” títí ẹnì kan fi kọ́ ọ pé “ẹ kú àpọ́nkè” ló yẹ. Kí màmá tó padà, bàbá ti mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún, ó sì ti gbàdúrà pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń ronú láti fi ilé ìwé sílẹ̀. Nínú oṣù méjìdínlógún, wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni àwọn fẹ́ràn jù.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìdànrè láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìn-ín-ní, ẹ yà ní oko kòkó kan tí ẹ mọ olówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń jẹ ṣokoléètì láti kékeré, wọn ò rí igi kòkó rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n la èso kòkó, kí wọ́n lá omi funfun tó bo kóró rẹ̀. Ẹ fi ibi tí a ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó hàn wọ́n, tó ń lò tó ọjọ́ márùn-ún sí méje kí a tó sá a sóòrùn. Bàbá oko yóò sọ ìtàn rẹ̀, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn dáadáa.

Fún àwọn tó fẹ́ mọ ìtàn ìgbàgbọ́ wa, Ìkéjì Arákeji lójú ọ̀nà Iléṣà ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ní oṣù kẹwàá 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba, ẹ̀rọ náà kú, ó sì gbọ́ ohùn tó pè é sí iṣẹ́ ìhìnrere. Ìjọ CAC sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ àdúrà, yunifásítì tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti 2006. Fún míṣọ́nnárì tó rò pé ìhìnrere ti òkèèrè nìkan wá, ibẹ̀ ń kọ́ni. Oǹdó náà bẹ́ẹ̀: Charles Phillips, tó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1877 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ọmọ Yorùbá ni.

Ìkógòsì ní Èkìtì ló bá àgbà lára mu jù lọ, torí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá pàdé ara wọn níbẹ̀; ẹ jẹ́ kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí méjèèjì ti pàdé. Míṣọ́nnárì Bàtíìsì kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ló dá àgọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ẹ gba Ìgbàrà-Òkè lọ.

Ọ̀wọ̀ tó bíi àádọ́ta kìlómítà. Ààfin Ọlọ́wọ̀ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ tó fún ọjọ́ kan; ẹ sọ fún wọn nípa àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó Lájà ní 1971.

Sátidé òde ńkọ́, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú? Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹ rán aṣọ ẹbí fún wọn, ẹ wá àyè tó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ẹ sì mú wọn kúrò lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ọjọ́ Ìsinmi

Àga tó ní ẹ̀yìn, fáànù nítòsí, igo omi. Ẹ má pè wọ́n síwájú láti sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí àkókò bá tó

Bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó kẹ́yìn, ẹ dín iṣẹ́ wọn kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n padà lọ kí àwọn ilé tí wọ́n ti bẹ̀ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ń gba àkókò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ilé kọ̀ọ̀kan yóò fẹ́ fún wọn ní nǹkan. Ẹ sọ fún àwọn ará ṣáájú pé wọn kò lè gbé ẹran gbígbẹ tàbí èso tútù wọ Amẹ́ríkà, wọ́n á gbà á ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Aṣọ òkè, àdìrẹ, agbọ̀n kékeré, fọ́tò tí gbogbo ìjọ fọwọ́ sí lẹ́yìn, ìwọ̀nyí ló fúyẹ́ tó sì ń pẹ́. Ẹ wọn àpótí wọn lórí ìwọ̀n nílé. Ẹ ṣètò nọ́ńbà WhatsApp àwọn tí wọ́n tọ́jú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù màmá fúnra yín pẹ̀lú fọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí bí wọ́n bá délé, ojú ni wọ́n á rántí, orúkọ Yorùbá á máa yọ́ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, èèyàn méjì péré ni kó sìn wọ́n. Kí àwọn tó kù ti dágbére lálẹ́ àná.